Àpáta Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Fọ́

Ìró òòlù ló máa ń jí wa nílé wa. Àkùkọ wà, Yèyé tó bí bàbá mi ní mẹ́ta nínú wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ, bàbá mi á ti wà lẹ́yìnkùlé. Á ti jókòó sórí àpò tó ká lẹ́ẹ̀mejì, á ti na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á sì ti máa fọ́ òkúta. Kó, kó, kó, yóò dákẹ́ díẹ̀, a óò gbọ́ bí òkúta wẹ́wẹ́ ṣe ń ya lulẹ̀, lẹ́yìn náà, kó, kó, kó. Bí màámi bá jókòó tì í, ìró á di méjì, nítorí òòlù tirẹ̀ kéré, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Láti orí ẹní tí mo sùn sí ni mo ti lè mọ inú tí àwọn méjèèjì fi jí. Lọ́jọ́ tí inú wọn bá dùn síra wọn, òòlù wọn á máa tẹ̀ lé ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín wọn, ti màámi á máa sáré, ti bàbá á máa falẹ̀. Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó sì pẹ́ gan-an lọ́dún náà kí òòlù méjèèjì tó tún bára mu.

Abúlé wa kò jìnnà sí Àsin, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkọ̀lé. Iṣẹ́ oko ni gbogbo ará ibẹ̀ ń ṣe. Bàbá mi náà ní oko iṣu, ṣùgbọ́n òkúta ló mọ̀ jù. Èmi nìkan ni ọmọ tó wà nílé. Bí mo bá ti pọn omi odò, tí mo gbálẹ̀ tán, iṣẹ́ mi ni láti ṣa òkúta tó tóbi kúrò nínú èyí tó kéré kí n tó lọ sílé ìwé. Eruku rẹ̀ kì í tán lẹ́sẹ̀ mi. Tíṣà wa á wo ẹsẹ̀ mi lórí ìlà, á ní kí n padà lọ fọ̀ ọ́, èmi á sì lọ fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ mo ti fọ̀ ọ́ nílé lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́, Yèyé ló máa ń jókòó ti odó nígbà tí màámi àti bàbá bá ń gúnyán, á máa fi ọwọ́ tó ti tì bọ omi yí iṣu padà láàárín ọmọ odó méjì tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù á sì máa bà mí nítorí àwọn ìka rẹ̀. Èmi tí wọ́n ti kọ́ ní Yorùbá ilé ìwé á ní, “Yèyé, iyán ti kúná.” Yèyé á wò mí, á ní, “Iyán ni ti tíṣà yín. Uyán ni tèmi, òun ló ń yó mi.” Títí di òní, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn, ilé ni mo máa ń pè é, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rẹ̀ mí, ulé ni mo máa ń sọ pé mo fẹ́ lọ.

Ọdún yẹn ni wọ́n ń fi ọ̀dà sí ọ̀nà wa. Ọdún yẹn kan náà ni màámi lóyún, oyún tí wọ́n ti ń retí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Yàrá kan ṣoṣo ni àwa àti Yèyé ń sùn sí, nítorí náà bàbá mi fi ẹrẹ̀ mọ yàrá mìíràn mọ́ ọn lára. Ògiri rẹ̀ ti dókè, ṣùgbọ́n kò ní páànù. Màámi fẹ́ kí páànù dé orí rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tuntun lè rí ibi gbígbẹ sùn. Kò sọ ọ́ lásọtúnsọ. Ó kàn máa ń dúró ní àárín ògiri mẹ́rin yẹn ní ìrọ̀lẹ́, á gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn, á gbé ojú sókè wo ọ̀run. Ìgbà tí agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣe ọ̀nà wá bá bàbá mi pé òkúta wẹ́wẹ́ ni òun ń fẹ́, kí ó pọ̀, kí ó sì yá, ó dà bí ìgbà tí páànù ti dórí yàrá náà. Ọmọlúàbí ni agbaṣẹ́ṣe yìí, ọkùnrin kúkurú tó máa ń fi aṣọ ìnujú kọ́ ọrùn. Ó ní kí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun á rán típà wá kó o lọ́jọ́bọ̀, àti gbogbo ọjọ́bọ̀ tó bá tẹ̀ lé e.

Àpáta kan wà lẹ́yìn oko wa, ilẹ̀ ìdílé wa ni. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ewéédò àti ilẹ̀dú ti bò ó, koríko ti hù sórí rẹ̀. Yèyé máa ń sá èlùbọ́ sí etí rẹ̀ tó mọ́. Bàbá mi ti ní in lọ́kàn pé òun á fọ́ ọ lọ́jọ́ kan, nítorí ó sún mọ́ ọ̀nà, kò sì le jù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyí: wọn á kó igi àti táyà tó ti gbó sórí àpáta, wọn á dáná sí i títí yóò fi gbóná dénú, wọn á da omi tútù lé e, àpáta á sì sán. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, bàbá mi kọ́kọ́ dáná kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan láti jó koríko kúrò. Nígbà tí iná kú, ó bu omi sí i, ó fi ọwọ̀ gbá eérú àti ilẹ̀dú nù, kí ó lè rí ibi tí àpáta náà ti lè là. Èmi ni mo ń pọn omi fún un. Mo rí i tó dúró. Ó tẹ̀ ba, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú àpáta náà, ó tún nù ún. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ nínú eérú, pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀.

Ẹfọ̀n kan ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta, ó gùn tó apá àgbàlagbà, ìwo rẹ̀ yí sẹ́yìn, orí rẹ̀ sì wálẹ̀ bíi ti ẹran tó fẹ́ mu omi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹfọ̀n kékeré kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, tí ìwo rẹ̀ tóbi ju orí lọ. Mo ní, “Bàbá, ta ló ya á?” Ó ń fi ìka wọ inú ìlà náà láti ìrù dé imú, bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún nínú ẹsẹ̀ ọmọ. Nígbà tó yá, ó ní, “Irin kọ́ ni wọ́n fi ṣe é. Irin máa ń fi ojú ṣóṣóró sílẹ̀. Fi ọwọ́ kàn án. Òkúta ni ẹni yìí fi ń lu òkúta, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọlé.” Ó sún lọ sí apá òsì, ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sún padà. “Ọwọ́ òsì ló ń lò,” ó ní. Mo bi í bí ó ṣe mọ̀. Ó fi bí gbogbo àpá lílù náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ sí ọwọ́ kan hàn mí, ó ní bí ó bá jẹ́ òun ni, ọwọ́ kejì ni ì bá dagẹ̀rẹ̀ sí. Ó ní pẹ̀lú irin ọwọ́ òun, òun á lo ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀, ẹni yìí á sì ti lò ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó ní, “Ó jẹun yó, Ibídùn. Ẹni tí ebi ń pa kò lè jókòó ti nǹkan báyìí. Tàbí kó jẹ́ pé àwọn mìíràn ló ń wá oúnjẹ fún un.” Nígbà tó dé orí èyí tó kéré, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní àpá lílù ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì fọ́n káàkiri, pé ọwọ́ ẹni tó ṣe é kò tíì lágbára. Ó ní ọmọdé ni.

Bàbá mi kò kàwé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di àgbà, àwọn kan wá láti yunifásítì pẹ̀lú okùn ìwọ̀n àti ẹ̀rọ ayàwòrán, wọ́n wo àpáta náà fún ọjọ́ méjì. Èmi ni mo mú wọn débẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ nípa òkúta tí wọ́n fi lu òkúta kò yàtọ̀ sí ohun tí mo gbọ́ nínú eérú lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ irin lágbègbè wa. Nígbà tí mo bi wọ́n pé ọdún mélòó, wọ́n ní àwọn kò lè sọ. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn.

Yèyé gun àpáta lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ẹfọ̀n. Ibi tí bàbá mi ti gbá ilẹ̀dú kúrò lókè ló lọ tààrà, níbi tí kòtò gbọọrọ méjì wà lójú àpáta, tó ń dán, tó jìn bí inú abọ́. Ó ní, “Ọlọ rèé.” Ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ọ̀kan, ó na ọwọ́ méjèèjì sínú kòtò náà, ó fi ara síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń lọ ata. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo kòtò kejì tó wà níwájú rẹ̀. “Obìnrin méjì ni wọ́n, wọ́n kọjú síra wọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bára wọn sọ, àwọn tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ á kẹ̀yìn síra wọn ni. Àárọ̀ sì ni wọ́n ń ṣe uṣẹ́ yìí, tí oòrùn bá ti mú, kò sí orúnkún tó lè gba orí àpáta yìí.” Mo bi í pé kí ni wọ́n ń lọ̀. Ó ní òun kò mọ̀, bóyá ọkà bàbà, bóyá osùn tí wọ́n fi ń para. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ́, títí bàbá mi fi wá gbé e dìde.

Nǹkan kẹta sì wà níbẹ̀, àwọn ojú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó jìn, bíi márùn-ún, tí a kò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Yèyé ló sọ pé kí n lọ mú ẹdùn àrá wá nínú ìkòkò tó wà lábẹ́ ibùsùn òun. Òkúta dúdú kan tó mú lẹ́nu ni, bàbá àgbà mi ló hú u jáde nígbà tó ń kọ ebè, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé láti ọ̀run ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti máa ń já bọ́ bí àrá bá sán. Bàbá mi gbà á, ó fi ẹnu rẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwọn ojú ìlà náà. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó fà á síwájú, ó fà á sẹ́yìn, bí ẹni tó ń pọ́n àdá. Yèyé gba òkúta náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i lójú wò. “Àṣé àáké ni,” ó ní. Ní gbogbo ọjọ́ tó kù láyé rẹ̀, kò dá a padà sínú ìkòkò mọ́. Ó gbé e sójú fèrèsé, nítòsí ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Màámi nìkan ni kò wá wò ó. Nígbà tí bàbá mi ní, “Ìyá Ibídùn, wá wo nǹkan,” ó ní òun ti rí òkúta tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́rú tí bàbá mi kò tíì dáná ńlá, ó bọ́ síwájú rẹ̀ nínú àgbàlá.

“Bàbá Ibídùn, ọ̀la ni típà ń bọ̀.”

“Mo mọ̀. Mi ò lè fọ́ ọ.”

“Ẹ fọ́ apá ibi tí kò sí nǹkan nígbà náà.”

“Bí mo bá dáná sí i, gbogbo rẹ̀ ló máa sán. Kò sí bí mo ṣe lè sọ fún iná pé kó dúró níbì kan.”

Màámi gbé ọwọ́ lé ikùn. Ó ní, “Ẹni tó ṣe é ti kú tipẹ́, ọmọ rẹ̀ náà ti kú. Tiwa ló ń bọ̀.” Kò pariwo. Mo rántí pé mo ń ṣa òkúta lọ́wọ́, mo sì ń wò ó pé bàbá máa fún un lésì tó dára, nítorí ó máa ń rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní, “Bí mo bá fọ́ ọ, mi ò lè tò ó padà.” Ìyẹn nìkan ló rí sọ. Lọ́jọ́bọ̀, agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ bá típà wá. Bàbá mi mú un lọ wo àpáta náà, ọkùnrin náà sì wò ó pẹ́, ó mi orí, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò lè dúró. Ó lọ rí àwọn mìíràn lápá ibòmíràn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá mi lọ sí Ọ̀tùn láti máa gbé pákó ní ilé ìlagi. Ọjọ́ Ajé ló máa ń lọ, alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń dé.

Ilé wa wá dákẹ́. Òòlù màámi nìkan ló kù, ìyẹn náà kì í pẹ́ kó tó sinmi, nítorí oyún ti ń wúwo. Yèyé gbìyànjú láti bá a fọ́ díẹ̀, màámi gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣu sísun ni à ń jẹ láàárọ̀, iṣu sísun ni a sì tún ń jẹ lálẹ́, torí ẹni tí yóò bá màámi gúnyán kò sí. Òjò bẹ̀rẹ̀. A fi ọ̀pá àti màrìwò bo ògiri yàrá tuntun, ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, òjò kan rọ̀ tí ẹ̀fúùfù rẹ̀ kó màrìwò náà lọ, nígbà tó sì dá, ògiri tó kọjú sí ìta rọra jókòó sílẹ̀ bí àgbàlagbà tó rẹ̀. Màámi jáde, ó wò ó. Kò sunkún. Ó fi ẹsẹ̀ ta ẹrẹ̀ kan kúrò lójú ọ̀nà, ó wọlé padà. Ká ní ó sunkún ni, bóyá mi ò ní ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo mú òòlù kékeré àti irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró bàbá mi, mo lọ sí orí àpáta. Èrò mi ni pé bí àwọn ẹfọ̀n yẹn kò bá sí mọ́, bàbá á wálé, á dáná, típà á padà dé, gbogbo nǹkan á sì dọ́gba. Èyí tó kéré ni mo kọ́kọ́ kọjú sí, nítorí mo rò pé yóò yá jù. Mo gbé irin lé ẹ̀yìn rẹ̀, mo sọ òòlù kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Èérún kan fò, ó bà mí létè. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn ẹran náà, ọgbẹ́ funfun kan ti wà níbẹ̀, ó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò. Gbogbo ohun tí bàbá sọ nípa ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lágbára ló wá sí mi lọ́kàn, ó wá dà bí ẹni pé mo lu ẹnì kan tí mo mọ̀. Mo fi itọ́ nu ojú ọgbẹ́ náà, kò lọ. Ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ará yunifásítì yẹn rí i, wọ́n ní ẹnì kan ti ba ibí yìí jẹ́ láìpẹ́, mo sì sọ fún wọn pé èmi ni. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

N kò lè fi ọgbẹ́ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n lọ sílé. Mo sún lọ sí ibi tí kò sí nǹkan, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹfọ̀n tèmi. N kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà, ó lè jẹ́ pé mo fẹ́ san èyí tí mo bà jẹ́ padà. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ilé ìwé, mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Àtàǹpàkò mi wú. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹran mi ní ara, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó sì ní ìwo kan.

Yàrá náà rí páànù kí ọdún tó parí, nítorí bàbá mi padà rí àpáta mìíràn fọ́ lápá Ọ̀yẹ́, inú yàrá náà sì ni àbúrò mi ọkùnrin ti kọ́kọ́ rákò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé yẹn, a kò mọ ìyẹn. Ohun tí a mọ̀ ni pé bàbá ti dé lálẹ́ Jímọ̀, ó rí ògiri tó wó, ó bọ́ ẹ̀wù, ó po ẹrẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, òun àti màámi kò sì sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń lọ wo àpáta. Mo tẹ̀ lé e. Ọgbẹ́ náà ló kọ́kọ́ rí. Ó dúró lórí rẹ̀, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kàn án. Ó wo ẹran tèmi, ó wo ọwọ́ mi.

“Kí lo fẹ́ ṣe sí ẹran kékeré yìí?”

“Mo fẹ́ fọ́ ọ.”

“Kí ló dé?”

“Kí ẹ lè wálé.”

Bàbá mi jókòó. Ó gbé ojú lọ sápá ibi tí oko wa wà. Mo ń retí ẹgba, n kò sì ní sá. Ó na ọwọ́ sí mi, ó mú irin lọ́wọ́ mi, ó fi lé mi lọ́wọ́ padà, ó ti ìka mi wálẹ̀. “O dì í mú lókè jù,” ó ní. “Ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Mú un níbí.” Ó di ọwọ́ mi mú, a jọ gbẹ́ ẹsẹ̀ kẹrin.

A ò gbọ́ ìgbà tí màámi dé. Ó rọra ń gun àpáta bọ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ lórí, ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú. Ó ní òun ti pè wá títí. Bàbá mi dìde, ó gba abọ́ lórí rẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ dé ibi tó tẹ́jú. Màámi mí sókè, mí sódò, ó wo ilẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wo tèmi. Ó ní, “Ewúrẹ́ ni èyí?” Mo ní ẹfọ̀n ni. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀, ó fi ọwọ́ bò ó. “Ta ló kọ́ ọ?” ó ní. Bàbá mi ní, “Èmi ni.” Màámi fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ẹran kékeré àtijọ́ náà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. “Èyí ńkọ́?” ó ní. “Ta ló kọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ?”

Bàbá mi fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹfọ̀n ńlá tó wà lókè rẹ̀. “Bàbá rẹ̀,” ó ní.

Màámi wo ẹran méjèèjì. Ó rọra gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi jókòó sáàárín wọn, ó na ẹsẹ̀ tó wú síwájú, ó sì ṣí abọ́. Ó ní kí a wá jẹun kí ó tó tutù.